Búrẹ́dì Ọjọ́ Ọyẹ́ ní Jos

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó a máa sọ fún wa pé òjò dídì bo ojú ọ̀nà, pé inú ilé ni àwọn jókòó sí tí àwọn ń yan búrẹ́dì. Òjò dídì kì í bọ́ ní Jos ní tiwa. Yìnyín ni a máa ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní a kò mọ òtútù, kí ó wá bá wa gbé láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kìíní. Ìlú wa ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà, àfẹ̀mọ́júmọ́ ọyẹ́ a sì máa mú kí àgbàlagbà gbọ̀n rìrì bí ọmọdé.

Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ àwọn baba ńlá wa. Àlejò ni òun náà. Ọ̀gbẹ́ni Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di oúnjẹ tẹrú-tọmọ ní Èkó. Rélùwéè náà ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé orí òkè yìí, nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà ń pe ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwa àti búrẹ́dì ṣe jọ di ará Jos.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 2010, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19, ìjọba ṣe òfin kónílé-ó-gbélé, tọ̀sán-tòru. Ìyàwó ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọjọ́ kejì ni a ó sì sọ ọmọ lórúkọ. Ọjà ti pa, ilé búrẹ́dì ti pa. Ọmọ mi ti ń di ẹrù. Ó ní, “Bàbá, bí ọ̀nà bá ti là, ilé yá. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.” Èmi kò rí èsì fún un.

Ìyàwó mi ní a kì í fi ọwọ́ òfìfo sọ ọmọ lórúkọ. Ó gbé fùláwà múdù méjì tí ó rà fún pọ́fù-pọ́fù jáde, ó fi ìwúkàrà, ṣúgà, iyọ̀ àti bọ́tà sí i, ó pò ó títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́, ó sì bò ó. Wákàtí méjì kọjá, kò wú rárá. Ìyàwó mi ké pé fùláwà òun ti ṣòfò.

Ìyá Bẹ́rọ̀m kan tí ó ń ṣe burukutu, ọtí ọkà bàbà, ni aládùúgbò wa. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó fi èdè Hausa sọ pé bí òun kò bá fi aṣọ wé ìkòkò nígbà ọyẹ́, ọtí òun náà kì í ho. Ó ní kí a má dà á nù, ebi ooru ni ó ń pa á. Ni a bá gbé abọ́ náà sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí omi tí ó bá gbóná jù a máa pa ìwúkàrà. A fi kúbùsù wé e, ó sì wú dé etí abọ́.

A kò ní ààrò búrẹ́dì. A da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, a gbé e ka iná èédú, a gbé páànù sínú rẹ̀, a dé e, a sì kó ẹyin iná lé ọmọrí. Kí wákàtí kan tó pé, òórùn búrẹ́dì ti gba gbogbo ilé, ó ti fo ògiri lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ obì, oyin àti iyọ̀. Àwa ará ilé nìkan ni a wà níbẹ̀. A na tìyá Bẹ́rọ̀m sí i lórí ògiri, a na ti ìdílé Hausa tí ó wà ní apá òsì sí wọn. Ìyá náà bi wá bí ọmọ náà ṣe rí, ó sọ ọ́ ní orúkọ ní èdè Bẹ́rọ̀m, ó sì na owó orúkọ sí wa. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi náà wo ilé náà, ọmọ mi wò ó. Ní alẹ́, mo rí i tí ó ń tú ẹrù rẹ̀.

Àwọn ará wa kan lọ ní ọdún náà, a kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tí ojú wọn rí kò kéré. Ọmọ tí a sọ lórúkọ ti ń bá ìyá àgbà rẹ̀ po fùláwà lọ́dọọdún bí ọyẹ́ bá dé.

Ẹ̀yin ìyá, bí tiyín kò bá wú lọ́yẹ́ yìí, ẹ má dà á nù. Ẹ wá ooru fún un, kí ẹ sì rántí ará ẹ̀yìn ògiri nígbà tí ó bá jinná. Ọyẹ́ á tù wá lára o.