Ọgbà Àwọn Tí Ń Fín Ọ̀dà sí Mọ́tò ní Múṣin



Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò jìn. Láti Abẹ́òkúta ni mo ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀ṣòdì, láti ibẹ̀ ni mo sì ti gba Ládípọ̀ lọ ní Múṣin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lóríṣiríṣi. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni ó gbé mi lọ. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ péńtà mọ́tò, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wálé ọdún Iléyá, ìyá rẹ̀ gbọ́ bí ó ti ń wúkọ́ mọ́jú. Ó ní òun yóò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fojú ara mi rí i.

Ẹ̀yìn ọjà ni ọgbà náà wà. Kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, yóò gba àárín ilẹ̀kùn mọ́tò àti iná iwájú tí wọ́n tò bí ẹni to iṣu kọjá. Òórùn tínà ti ń pàdé ènìyàn lọ́nà kí ó tó rí ẹnikẹ́ni. Abẹ́ páànù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi tapólì yí i ká, wọ́n sì wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde. Dáńfó kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà yẹ́lò kùn ní tuntun. Wọ́n ti fi ìwé ìròyìn àti téépù bo gíláàsì rẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀, àgbà Mùsùlùmí onírùngbọ̀n funfun, kò bínú sí mi. Ó ní, “Màmá, ẹ jókòó kí ẹ wò ó.” Ó pe ọmọ wa pé kí ó to gọ́ọ̀nù. Gọ́ọ̀nù yìí ni ìbọn tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà. Ife ọ̀dà wà lórí rẹ̀, rọ́bà gígùn sì so ó mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Kókó mẹ́ta ni a ń yí lára rẹ̀: ọ̀kan ń mú kí ìfín náà fẹ̀ tàbí kí ó há, ọ̀kan ń díwọ̀n ọ̀dà tí ó ń jáde, ọ̀kan ń díwọ̀n atẹ́gùn.

Mo ti kà á rí pé ilé dókítà ni ohun èlò yìí ti ṣẹ̀. Allen DeVilbiss, dókítà kan ní Toledo ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe èyí tí wọ́n fi ń fín oògùn sí ọ̀fun aláìsàn ní nǹkan bí 1888. Ọmọ rẹ̀, Thomas, sì ṣe ìbọn ọ̀dà ní 1907. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí wọ́n ṣe láti wo ọ̀fun sàn ni ó wá ń da ọ̀fun ọmọ wa láàmú.

Wọn kì í fín in sára mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó ni ọmọ náà kọ́kọ́ fín in sí lẹ́ẹ̀kan. Àmì tí ó yọ gùn, orí àti ìdí rẹ̀ ki, àárín rẹ̀ sì ṣófo. Ọ̀gá bi í pé, “Kí ni ó ń sọ fún ọ?” Ó ní atẹ́gùn ti pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Bí àárín bá ni ó ki jù, atẹ́gùn ni ó kéré tàbí kí ọ̀dà ki. Bí ó bá sì tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ihò kan ni ó dí lẹ́nu ìbọn. Fífọ̀ ni kí a fọ̀ ọ́, a kì í fi wáyà gún un.

Nígbà tí mo dé, géèjì wà lórí 60. Nígbà tí àmì orí ìwé gún tán, ó ti wálẹ̀ sí 28. Ìwọ̀n tí irú gọ́ọ̀nù tiwọn ń fẹ́ nìyẹn. Irú ti àtijọ́ a máa fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ikọ́ ti wọ̀ ọ́. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, ọ̀dà kì í balẹ̀ sára mọ́tò tán, yóò di kùrukùru, owó ẹni tí ó ni mọ́tò yóò sì máa fò lọ sókè. Nígbà tí ọmọ náà fi ìbọn sí nǹkan bí ínṣì 7 sí ara dáńfó, tí ó ń rìn lọ geerege láìdúró, tí ipa kejì ń gun ìdajì ti àkọ́kọ́, mo ń rí ògiri òdìkejì kedere.

Ṣùgbọ́n aṣọ ìnujú ni ó fi di imú. Mo bèèrè nípa èyí tí wọ́n ń po hádénà mọ́, ọ̀dà adán. Ọ̀gá kò purọ́: oró inú rẹ̀ lè fún ènìyàn ní ikọ́ fée, aṣọ kò sì lè dá a dúró. Ìbòmú rọ́bà oníkóló méjì wà níbẹ̀, ó rọ̀ sórí ìṣó, ṣùgbọ́n kóló rẹ̀ ti gbó, kò sì sí ẹni tí ó ra òmíràn. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́. Níkẹyìn a fẹnu kò pé èmi yóò san ìdajì owó kóló, òun yóò san ìdajì. Kí ó tó dé, ọmọ náà kò gbọdọ̀ dúró níbi hádénà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá rẹ̀ yóò mú un lọ kí dókítà wo àyà rẹ̀.

Wọ́n pe ìrun Alásárì. Ọ̀dà tí ó bá gbẹ mọ́ èékánná kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan ara, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ti ń na ọwọ́ sí tínà. Mo ní kí tiwa fi òróró àti ọṣẹ dúdú ra tirẹ̀. Ó lóṣòó ti bútà, ó ń họ yẹ́lò kúrò ní àtàǹpàkò, mo sì ń da omi sí i lọ́wọ́.