Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Pópó Àgùdà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣèlérí pé n óò kọ nǹkan nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Potogí. Ìrìn kan tí mo rìn ní Erékùṣù Èkó, ní Sátidé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ẹtì Rere, ni ó jẹ́ kí n lè mú ìlérí náà ṣẹ wàyí.

A kò ju mẹ́fà lọ. Afinimọ̀nà wa jẹ́ ìyá àgbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí a bí sí Pópó Àgùdà, tí ó sì dàgbà síbẹ̀. Màmá kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Agboòrùn àti àpò aṣọ kan ni wọ́n gbé dání.

Ìta Tinúbú ni a ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìtàn Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, ni a óò kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n Màmá nàka sí òdìkejì títì, wọ́n ní, “Ibẹ̀ yẹn ni Ilojo Bar wà.”

Ojú tì mí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà ni Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ni ìtàn sọ pé ó kọ́ ọ ní ọdún 1855, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn gan-an ni mo ti ṣètò láti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá wò ó. Ìdánwò dé, mo sún ètò náà síwájú. Mo ní ilé tí ó ti dúró láti ayébáyé kò ní sá lọ. N kò tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo rí, bẹ́ẹ̀ ó ju ogún ìgbà lọ tí mo gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Mo sọ èyí fún Màmá. “Ìwọ nìkan kọ́,” ni wọ́n wí. Wọ́n ṣí agboòrùn wọn, a sì ń lọ.

Ní òpópónà Martins, a dúró níwájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó darí iṣẹ́ ìkọ́lé náà. Níbẹ̀ ni Màmá ti bi mí léèrè pé, “Ọ̀mọ̀wé, kí ni ìwé yín pe Àgùdà?” Mo dáhùn bí mo ti máa ń dáhùn ní kíláàsì: àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n padà wálé, àti àtọmọdọ́mọ wọn, ara wọn ni a sì ti yá orúkọ náà fún àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Òótọ́ ni, títí di òní, Ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe ìjọ Kátólíìkì.

Màmá rẹ́rìn-ín. “Àwọn Àgùdà tó ń kírun ńkọ́?”

Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó ti Bahia dé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ni, n kò fi wọ́n kún àlàyé ọ̀rọ̀ yìí rí. Ìtumọ̀ kejì ti jẹ ìtumọ̀ kìn-ín-ní mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní òpópónà Kakawa, a rí ilé João Esan da Rocha. Wọ́n jí i gbé láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní kékeré, ó ṣe ẹrú ní Brazil, ó padà wá sí Èkó. Ó gbẹ́ kànga sínú ilé rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń ra omi níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ilé náà ní Ilé Omi. Ẹ kíyè sí orúkọ bàbá yẹn: Esan kò dìde fún da Rocha, wọ́n jọ jókòó ni.

Oòrùn ti mú nígbà tí a dé Campos. Màmá mú wa wọ àgbàlá kan, wọ́n tú àpò aṣọ wọn, wọ́n gbé ike jáde. Frejon àná ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀wà ni. A óò sè é jinná, a óò lọ̀ ọ́ kúnná, a óò wá fi omi tí a fún lára àgbọn sè é títí yóò fi ki. Ẹja àti ọbẹ̀ ata ni a fi ń jẹ ẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Mo ń jẹun, mo sì ń ṣàlàyé (iṣẹ́ olùkọ́ kì í tán lára). Mo ní feijão ni àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà, òun ni ó di frejon.

“Ibo wá ni r ti wọlé?” ni Màmá bèèrè.

Mo dákẹ́. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so kọ́ra, pé bí a bá yá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, fáwẹ́lì ni a fi ń là wọ́n: búrẹ́dì, bíríkì. Ọ̀rọ̀ Potogí yìí kò ní r rárá. Ẹnu Èkó ni ó fún un ní èyí tí kò tọrọ. Mo bẹ Màmá kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Fùréjọ̀n ni wọ́n pè é, pẹ̀lú u tín-ín-rín kan láàrin f àti r. Fáwẹ́lì wà níbẹ̀! Àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ dànù. R ńkọ́? Màmá ní bí ìyá tó bí àwọn ṣe ń pè é nìyẹn.

Kí a tó túká, mo bèèrè ìgbà tí mo lè kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ní ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bóyá kí a jẹ́ kí ó kọjá ná. Màmá kò fèsì. Wọ́n ń fi omi ṣan ike wọn.

“Ẹ má bínú, mà,” ni mo wí. “Sátidé tó ń bọ̀ náà ni.”

“Agogo mẹ́jọ,” ni wọ́n dáhùn. “Kí wọ́n wọ bàtà tó rọrùn.”