Oorun Kọ̀ǹpútà ní Amadi-Ama

Ní Amadi-Ama, ìlú àwọn ará Okrika tí Port Harcourt ti fẹ̀ títí tí ó fi yí i ká, iná mànàmáná kì í dágbére kí ó tó lọ. Níbẹ̀ ni obìnrin kan, ọmọ Yorùbá tí ó bá ọkọ rẹ̀ débẹ̀, ti ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú pálọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lọ gbé ọbẹ̀ kaná, kì í pa ẹ̀rọ náà. Yóò kàn ní kí ó sùn ni. Bí iná bá lọ, kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bí iná bá dé tí ó sì tan ẹ̀rọ, ibi tí ó bá iṣẹ́ dé náà ni yóò ti bá a.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, wọ́n gbé e fún alátùn-únṣe kan. Ó nu inú rẹ̀ nù, ó fi Windows 10 sí i lákọ̀tun, ó gbowó. Ẹ̀rọ délé, ọ̀rọ̀ náà Sleep sì ti di àwátì níbi tí a ti ń pa á.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó wò ó. Ó ṣí fèrèsé dúdú Command Prompt, ó tẹ powercfg /a, èyí tí í ka irú oorun tí ẹ̀rọ lè sùn àti èyí tí kò lè sùn, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ìdí náà ni pé alátùn-únṣe kò fi dráífà ojú ẹ̀rọ sí i. Gbẹ̀fẹ́ tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò a máa gbé àwòrán jáde, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn. Ó wá dráífà náà sí i, Sleep padà, ẹ̀gbọ́n sì ṣàdúrà fún un.

Ní ọjọ́ kẹta, iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń sùn. Ojú-ìwé 11 bá a lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kò tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó ní kí ó sùn ni?”

“Ìgbà wo ni mo ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

Èsì náà kò dára, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Oorun wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú oorun lásán, inú RAM ni iṣẹ́ wà, iná díẹ̀ ni ó sì ń gbé e ró. Bí iná bá já, RAM a gbàgbé gbogbo rẹ̀. Oorun àsùnwọra ni Hibernate: ẹ̀rọ a kọ ohun gbogbo sínú fáìlì kan lórí díìskì, hiberfil.sys, kò sì nílò iná mọ́. Ìkẹta, hybrid sleep, pa méjèèjì pọ̀. Nítorí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì ni wọ́n ṣe dá a, òun sì ni ẹ̀rọ yìí ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Alátùn-únṣe ti pa fáìlì náà rẹ́ kí àyè lè wà, nítorí pé ó lè gbà tó ìdá 40 nínú 100 ìwọ̀n RAM. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò Energy Star sílẹ̀ ní 1992, ohun tí wọ́n ń wá ni kí kọ̀ǹpútà tí a kò lò má baà jẹ iná. Ní Amadi-Ama, kí iná tí ó lọ má baà jẹ iṣẹ́ ni.

Àbúrò tún ṣí fèrèsé dúdú, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, ó tẹ powercfg /hibernate on. Ó wọ Power Options, ó wá Allow hybrid sleep kàn, ó sọ ọ́ di On. Ó ní kí ẹ̀rọ sùn, ó sì fa okùn iná rẹ̀ yọ lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bojú. Nígbà tí ó ki okùn padà tí ó sì tan ẹ̀rọ, ìlà tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn wà níbẹ̀, àmì ìtẹ̀wé ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún fa okùn náà yọ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbà. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú-ìwé 11 náà tẹ̀.