Wákàtí Kan Tó Ba Ọmọ Ọlọ́mọ Lórúkọ Jẹ́

Ìparí oṣù kejì ọdún 2023 ni ìyá kan tó ń ta iṣu ní ọjà Bódìjà wọ ọ́fíìsì mi n'Ìbàdàn. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé tábìlì, ó ní: "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ wò ó. Kọ́ńtà yín ní Bódìjà ni mo ti fi owó yìí ránṣẹ́. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, kò sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ tó kó iṣu wá láti Ṣakí. Ọlọ́kọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n já ẹrù. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta."

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lásìkò náà kò lè gbàgbé. Báńkì àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn yóò pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ni a ó ná owó àtijọ́ mọ, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó tuntun kò kárí. Ẹni tó fẹ́ ra ata, fóònù ló fi ń sanwó. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀, fóònù ni. Gbogbo ìlú ya bo ẹ̀rọ ìfowóránṣẹ́, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún.

Èmi ni olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ilé ìfowópamọ́ kékeré kan tó ní ẹ̀ka mẹ́rin. Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo oníbàárà fún oṣù mélòó kan náà ni mo sọ fún ìyá oníṣu: "Ẹ má bínú, Mà. Nẹ́tíwọọ̀kì ni."

Irọ́ ni mo pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ń kọ ìrírí yìí kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, tàbí ẹni tó gba irú mi síṣẹ́, má baà jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Gbogbo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń kọ ìwé ìrántí fúnra rẹ̀. Log ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́, ẹ̀rọ á kọ aago tó ṣe é, iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà, bóyá ó yọrí tàbí kò yọrí, àti ohun tó dí i lọ́wọ́. Sáfà, ẹ̀rọ tó ń gbé iṣẹ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, ń kọ bí iṣẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó àti àyè tó kù lórí dísìkì rẹ̀. Ínfátà ń kọ ìgbà tí NEPA mú iná lọ àti ìgbà tó dá a padà. Dátà ni gbogbo èyí, kì í ṣe irú èyí tí a ń rà sórí fóònù. Ojoojúmọ́ ni ó ń wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà.

Kí ni èmi ń fi ṣe? Mò ń pa á rẹ́. Bí dísìkì bá ti fẹ́ kún, log ni n ó kọ́kọ́ kó dànù, nítorí lójú mi, pàǹtírí ni. Bí ẹ̀rọ bá dákú, n ó pa á, n ó tún tàn án, yóò jí, àwọn ọ̀gá yóò sì kí mi pé mo kú iṣẹ́. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń pa á tí mò ń tàn án, tí n kò sì bi ara mi léèrè ohun tó ń pa á.

Ọmọkùnrin kan wà lábẹ́ mi. Ó mọṣẹ́, ó sì níwà. Òun ló máa ń gbé ẹ̀rọ kúrò lórí ínfátà bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ láago 12 ọ̀sán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn aláṣẹ ní kí n wá ohun tó ń fa wàhálà yìí jáde. Mo ṣí log ọjọ́ mélòó kan tó ṣẹ́ kù. Mo rí i pé bí aago 12 bá ti lù, tó fi díẹ̀ kọjá, ni owó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ ọ̀daràn. Mo kọ̀wé pé bí ọmọ yìí ṣe ń gbé iná ló ń da ẹ̀rọ láàmú. Wọ́n fún un ní kúèrì.

Ó wá bá mi. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo log oṣù kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lọ ìsinmi nígbà yẹn, wọn kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀ láago 12 nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Bí owó bá ṣì ń há láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, a jẹ́ pé ọwọ́ mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n log oṣù kọkànlá kò sí mọ́. Èmi ni mo ti pa á rẹ́. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ọmọ ọlọ́mọ fi lè gba ara rẹ̀ là, ọwọ́ mi ló ti bà á jẹ́, mo sì jókòó síbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gé owó oṣù rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lọ tán, owó kò dẹ́kun híhá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí ìyá oníṣu dé. Nígbà tí mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ni, ó ní ọmọbìnrin orí kọ́ńtà ti kọ ẹjọ́ òun sínú ìwé ẹ̀sùn lójú ẹsẹ̀, kí n lọ wò ó. Kí ó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá láti Bódìjà. Ìwé ẹ̀yìn líle ni, pupa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣá. Orúkọ oníbàárà, iye owó àti aago ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé-iṣẹ́ náà, n kò ṣí i rí.

Mo rí orúkọ ìyá oníṣu: aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 10, ọ̀sán. Mo wo log ẹ̀rọ ìfowóránṣẹ́: owó kan náà, àkáǹtì kan náà, aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 8. Mo bi í pé ṣé ó dúró fún wákàtí kan kó tó fẹjọ́ sùn. Ó ní, "Ká má rí i! Ojú ẹsẹ̀ ni mo pariwo." Mo wo ẹni tó tẹ̀ lé e nínú ìwé: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí log. Ẹni kẹta, bákan náà. Mo yẹ ènìyàn 17 wò, gbogbo wọn dọ́gba.

Ara mi bù máṣọ. Aago Greenwich ni ẹ̀rọ ìfowóránṣẹ́ ń lò, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago tiwa ni àwọn ẹ̀rọ yòókù ń lò. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn kọ pé ó ṣẹlẹ̀ láago 12, aago 1 ló ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn. Ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn ti kúrò lára jẹnẹrétọ̀ fún odidi wákàtí kan kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ láago 1? Mo mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ọ̀gá àgbà ìgbà náà fẹ́ máa rí àkópọ̀ owó kí a tó ti ilẹ̀kùn. Mo ṣe ètò kan tí yóò máa ka gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde láti ọjọ́ tí a ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, láago 1 ọ̀sán ojoojúmọ́. Nígbà tí oníbàárà kò tíì pọ̀, ìṣẹ́jú kan ló ń gbà. Nígbà tó fi di ọdún 2023, ó ti di ìṣẹ́jú 50. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 50 yẹn, ó gba ẹnu ọ̀nà dísìkì, owó àwọn ènìyàn ń tò sẹ́yìn rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìtàn ilé-iṣẹ́ Knight Capital ti Amẹ́ríkà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, wọ́n ti gbé ètò tuntun sórí sáfà méje, wọ́n gbàgbé ìkẹjọ. Kí ọjà ìpín-ìdókòwò tó ṣí láàárọ̀, ẹ̀rọ wọn ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là ti wọmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, mo bú wọn pé aláìbìkítà ni wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ń bú.

Mo gbé kálámù, mo ṣírò. Ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ìṣẹ́jú 1,100 nìyẹn. Ó lé ní wákàtí 18. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣí láago 8 tó ń tì láago 4 ti fi ọjọ́ iṣẹ́ méjì lé díẹ̀ ṣòfò lóṣooṣù, kò sì sí ẹni tó rí i nínú ìwé kankan.

Ohun tí kò jẹ́ kí àwọn aláṣẹ rí i ni ìṣirò tí èmi fúnra mi ń gbé fún wọn. Mo máa ń kọ pé owó kan ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kó tó dé. Inú wọn ń dùn. Ẹ wo bí ìṣirò yẹn ṣe ń tan ni: bí ènìyàn 100 bá fi owó ránṣẹ́, tí ti àwọn 95 gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ti àwọn márùn-ún gba 40, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 295. Pín in sí ọ̀nà 100, kò pé mẹ́ta. Àwọn márùn-ún yẹn kò hàn nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ irú wọn ni ìyá oníṣu. Láti ìgbà náà, mo dẹ́kun kíka ti ẹni tó rọrùn fún mọ́ ti ẹni tó nira fún. Mo máa ń fi àwọn tó pẹ́ jù lọ hàn lọ́tọ̀, pẹ̀lú aago tí wọ́n fi owó ránṣẹ́.

A sún ètò ìṣirò yẹn sí aago 11 alẹ́. Ní ọjọ́ kejì, láago 1 ọ̀sán, owó ń lọ geerege. A kò ná kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìbéèrè fún sáfà tuntun ti wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà, a sì ti ń bá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì kejì dúnàádúrà. A fagi lé méjèèjì.

Nígbà náà ni mo gbé Zabbix wọlé, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn ará Latvia ṣe, kó máa kó ohun tí gbogbo ẹ̀rọ ń sọ jọ sójú kan. Mo dá gbogbo aago wọn pọ̀ mọ́ ara wọn. Mo ní kí a má pa log kankan rẹ́ kó tó pé ọdún kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, èmi àti olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí kọ́ńtà ń jókòó, ìwé pupa lọ́wọ́ tirẹ̀, log lọ́wọ́ tèmi.

Ní oṣù karùn-ún, log fi hàn pé bí dísìkì wa ṣe ń kún, kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ tí yóò fi kún bámúbámú. A ra tuntun lọ́gán. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà, tí owó dọ́là fò sókè. Ká ní a dúró kó kún ni, owó tó ju ìyẹn lọ dáadáa ni à bá san. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já létí Ivory Coast, tí ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà fọ́jú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ìta ni ọ̀rọ̀ ti wá. A sọ ọ́ fún oníbàárà bó ṣe rí. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ni, òótọ́ ni mo sọ.

Mo pe ọmọkùnrin yẹn. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lè tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: aago tó fi wákàtí kan sẹ́yìn, log tí mo pa rẹ́, ètò aago 1 tó jẹ́ tèmi. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ọ̀gá, ẹ ṣé. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fún." Mo lọ sílé wọn ní ọjọ́ Àìkú, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, wọ́n fa kúèrì náà ya, wọ́n sì san owó tí wọ́n gé. Kò padà sọ́dọ̀ wa. Ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, ẹ bi ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín léèrè lónìí: log oṣù mélòó ló wà nílẹ̀? Ta ló ń kà á? Ṣé aago gbogbo ẹ̀rọ bá ara wọn mu? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi kọ́ńtà, kí ẹ gbé ìwé ẹ̀sùn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ̀rọ kọ. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo sì fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹ tó fún ọmọ ọlọ́mọ ní kúèrì, ẹ kọ́kọ́ wo aago.