Ẹ̀rù Dókítà Eyín

Ẹ̀rù dókítà eyín kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Màmá wa kì í sá fún ejò. Nígbà tí ara wọn ṣì le, ìdájí ni wọ́n máa ń dá gba ọ̀nà oko lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n lọ fi eyín han dókítà, wọn á ní ó di ọ̀la, ọ̀la ọ̀hún kì í sì í dé. Ohun tó fà á kò fara sin. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, dókítà kan fa eyín fún wọn ní ọsibítù ìjọba. Abẹ́rẹ́ tí ó gún fún wọn kò tíì ràn tí ẹ̀mú fi wọ ẹnu. Nọ́ọ̀sì kan di orí wọn mú, èkejì di apá wọn. Ìtàn yẹn ni wọ́n máa ń sọ nígbàkígbà tí eyín bá dun ọmọ kan nínú ilé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà wá, ìrora ara wọn ni wọ́n ń rántí. Àwa tí a kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn eyín rí ti mọ bí àga ibẹ̀ ṣe rí.

Nítorí náà, nígbà tí eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ìsàlẹ̀, kò lọ síbi kankan. Ó ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu, ó ń fi kànáfùrú sí i, ó ń run orin ata. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó ki ásípírínì bọ ẹ̀gbẹ́ eyín náà. Oògùn náà bó ẹran ìdí eyín rẹ̀, ó funfun báláú. Ẹ jọ̀wọ́, gbígbé mì ni ti ásípírínì, a kì í fi í sí ojú eyín. Òru ni ìrora náà máa ń le jù. Bí ó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí ni yóò bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi á sì jókòó sórí ibùsùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òru bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́ lójijì. Àbúrò mi dúpẹ́, ó ní eyín ti san.

Kò san. Mùdùnmúdùn wà nínú eyín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, iṣan tí a fi ń mọ ìrora wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ihò tóóró inú gbòǹgbò eyín ni wọ́n sì ń gbà wọlé láti inú egungun àgbọ̀n. Bí akokoro bá ti jẹ eyín dé ibẹ̀, mùdùnmúdùn á fẹ́ wú, ṣùgbọ́n ògiri eyín le, kò sí ààyè tí yóò wú sí. Ìdí nìyẹn tí ìrora rẹ̀ fi burú tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń le sí i nígbà tí èèyàn bá dùbúlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ lọ sórí. Nígbà tí ó bá wá dákẹ́ fúnra rẹ̀, mùdùnmúdùn ti kú ni. Kòkòrò àrùn á sọ inú eyín náà dilé, wọn á gba ẹnu gbòǹgbò jáde sínú egungun, oówo kékeré á sọ lára ẹran ìdí eyín, ọyún á sì máa ti ibẹ̀ jáde. Bí ó ṣe rí fún àbúrò mi nìyẹn. Ó ra amoxicillin ní kẹ́míìsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọlẹ̀, ó tún wú. Kò lè ṣàì tún wú, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń bá rìn, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé inú eyín tó ti kú mọ́. (Bí wíwú bá wọ abẹ́ àgbọ̀n tàbí tí ó sún mọ́ ojú, tí ibà dé sí i, tí èèyàn kò lè gbé itọ́ mì tàbí kí ó la ẹnu, kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ mọ́ o. Ọsibítù ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lóru ọjọ́ náà.)

Nígbà tí eyín bá ti kú báyìí, kí wọ́n fà á ló kù, tàbí kí wọ́n ṣe ohun tí àwọn dókítà ń pè ní root canal: kí wọ́n kó òkú inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n fọ ihò gbòǹgbò mọ́, kí wọ́n sì dí i pa. Àbúrò mi gbọ́ orúkọ yẹn, ó bú sẹ́kún. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ló ti sọ fún un pé kò sí ìrora tó tó o. Mo ti rò ó jinlẹ̀, mo sì gbà pé ìrora àìsàn ni àwọn èèyàn ń kà sí ìwòsàn lọ́rùn. Àìsùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, orí tó ń fọ́ láti ìpìlẹ̀ eyín, gbogbo rẹ̀ ni aláìsàn ti jẹ tán kí ó tó dé orí àga. Iṣẹ́ dókítà ni láti mú un kúrò.

Àlàyé yìí kò mú ẹ̀rù kúrò lára àbúrò mi. Ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé bẹ́ẹ̀. Ní 1969, Norman Corah, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ìbéèrè 4 jáde tí àwọn dókítà fi ń mọ bí ẹ̀rù eyín ṣe wọ aláìsàn lára tó. Báwo ni ara rẹ yóò ti rí bí ó bá jẹ́ pé ọ̀la ni o máa lọ? Nígbà tí o bá jókòó síta tí o ń retí kí ó kàn ọ́ ńkọ́? Nígbà tí o ti wà lórí àga, tí dókítà ń múra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu eyín? Nígbà tí ó ń to irin tí yóò fi fọ eyín rẹ? Kò sí ibì kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí irin ti kan eyín. Ìdúró ni gbogbo wọn. Ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn wá tún un ṣe ni wọ́n fi ìbéèrè nípa abẹ́rẹ́ kún un.

Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni ọ̀rọ̀ ọsibítù wa ti ń dùn mí. Ẹ máa gba káàdì, ẹ máa sanwó, ẹ máa mú rìsíìtì padà wá, lẹ́yìn náà ẹ máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ láti inú yàrá, tí ẹ ń wo ojú ẹni tó ń jáde bọ̀. Ẹ̀rù tó bá èèyàn wọlé láàárọ̀ á ti gba gbogbo ara kan kí ó tó di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ló ti dìde níbẹ̀ tí wọ́n lọ sílé. Nítorí náà mo lọ sanwó káàdì ṣáájú, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí ó jẹ́ àbúrò mi ni wọn yóò kọ́kọ́ pè lówùúrọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti sọ fún dókítà, obìnrin ni, pé ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì sọ pé “Ẹ má bẹ̀rù,” ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ tí kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, irin kankan kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló ń bà yín lẹ́rù níbẹ̀ gan-an, mà?”

“Abẹ́rẹ́.” Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. “Àti pé ọwọ́ yín á wà lẹ́nu mi, mi ò ní lè sọ̀rọ̀.”

“Ọwọ́ òsì yín ò sí lẹ́nu yín. Bí ẹ bá ti nà án sókè, màá dúró. Bó dùn yín o, bẹ́ẹ fẹ́ gbé itọ́ mì o, bẹ́ẹ kàn fẹ́ sinmi o, ẹ ò ní ṣàlàyé fún mi.”

Ó kọ́kọ́ fi oògùn tí ń mú ojú ara kú pa ẹran ìdí eyín, ó sì dúró kí ó ràn. Ó wá rọra ń ti abẹ́rẹ́ náà, nítorí oògùn tí a fi ìkánjú tì wọlé máa ń dunni gan-an. Lidocaine ni, oògùn tí Nils Löfgren ṣe ní Sweden ní 1943. Wọ́n máa ń po adrenaline díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè pẹ́ lójú kan, ìyẹn sì lè mú kí àyà máa lù kìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: “Báyà yín bá ń sáré, oògùn ni o.” Ẹni tí wọn kò bá sọ fún yóò rò pé ẹ̀rù ti fẹ́ pa òun. Oògùn yìí ti wà láyé nígbà tí wọ́n fa eyín Màmá wa. Sùúrù díẹ̀ kí ó ràn ni wọn kò ní.

Iṣẹ́ kò tíì jìnnà tí àbúrò mi na ọwọ́. Nǹkan kan kò dùn ún. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Dókítà gbé gbogbo irin kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, kò bínú, kò bi í ní ohunkóhun. Mo rí i tí èjìká àbúrò mi rọ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Màmá wa lọ́jọ́ tí wọ́n di orí wọn mú ni àǹfààní láti sọ pé ó tó. Òun ni obìnrin yìí dá padà fún ọmọ wọn, kò sì ná an ní kọ́bọ̀.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Eyín ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí mùdùnmúdùn rẹ̀ ṣì wà láàyè tí ó sì ń wú lè ṣagídí sí abẹ́rẹ́. Ètè á kú, ahọ́n á kú, eyín fúnra rẹ̀ kò ní kú, nítorí oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti ń gbóná. Aláìsàn tó bá ní ó ṣì ń dun òun kò ṣe àṣejù. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, sínú egungun, àní sínú mùdùnmúdùn gan-an. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ohun tútù kan eyín wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú. Ẹni tí ó bá sì ń sọ pé “Kò lè dùn yín” nígbà tí ó ń dun èèyàn, kí a dìde kúrò lórí àga rẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Dókítà na rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ẹnu, eyín kan ṣoṣo ló gba ojú ihò rẹ̀ yọ jáde. Sanford Barnum, dókítà eyín ní New York, ló gbé rọ́bà yìí jáde ní 1864, kí itọ́ má baà wọ inú eyín. Òun náà ni kì í jẹ́ kí irin kékeré já sí ọ̀fun. Imú ṣí sílẹ̀, a fi ń mí. Ihò 3 ló wà nínú gbòǹgbò eyín àbúrò mi, dókítà sì ń fi irin tín-ínrín fọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fọ inú ìgò ọlọ́rùn tóóró. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ké láti fi hàn án pé irin ti dé òpin gbòǹgbò; kò sí ewu nínú igbe yẹn. Òórùn tó ń jáde jọ ti Jik tí a fi ń fọ aṣọ funfun, nítorí irú oògùn kan náà ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú ihò. Níkẹyìn ó fi gutta-percha dí wọn, oje igi tó ń hù ní apá Malaysia. Orin Ebenezer Obey ni àbúrò mi ń gbọ́ létí ní gbogbo àkókò yìí, nítorí inú egungun ni ariwo ẹ̀rọ ń gbà dé etí, dídi etí lásán kò lè dá a dúró.

A kò tíì délé tí ìbátan wa kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé irú eyín bẹ́ẹ̀ ń da májèlé sínú ara. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 1910, William Hunter, dókítà kan láti London, sọ ọ́ ní Montreal pé ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ àtúnṣe eyín ló ń fa oríṣiríṣi àìsàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Weston Price, dókítà eyín ní Amẹ́ríkà, dojú kọ root canal. Wọ́n fa eyín àwọn èèyàn dànù rẹpẹtẹ nítorí rẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn fara balẹ̀ tún ìwádìí náà ṣe, kò fìdí múlẹ̀.

Owó ló ṣòro jù fún mi láti sọ. Owó fífa eyín kéré púpọ̀ sí ti root canal, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàdánù eyín tó ṣeé gbà là. Àwọn ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti èyí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe é, owó wọn sì sábà máa ń mọ níwọ̀n ju ti aládàáni lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìlà ti gùn. Ẹni tí kò lówó ni yóò dúró pẹ́ jù, òun náà sì ni ẹ̀rù yóò mú jù. Inú mi kò dùn sí èyí rárá. Bí wọ́n bá lè sọ àkókò tí yóò kan olúkúlùkù fún un, kí ó wá lásìkò yẹn, wọn ì bá ti wo ìdajì ẹ̀rù náà sàn.

Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti kó inú rẹ̀ kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ó lè là sí méjì bí èèyàn bá fi fọ́ egungun. Ó yẹ kí wọ́n fi adé bò ó. Àbúrò mi kò tíì ṣe adé náà. Oṣù tó ń bọ̀ ni àjọ kàn án, apá ọ̀tún ló sì fi ń jẹun títí dìgbà náà. Eyín òkè kan lápá ọ̀tún ti wá ń ta á bí ó bá mu omi tútù. Mùdùnmúdùn tí omi tútù ṣì ń ta wà láàyè, ó ṣeé ṣe kí dídí lásán tó o. Ó ti pe dókítà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè lówùúrọ̀.