Àgọ́ Tí A Ó Pa Lẹ́bàá Odò Ògùn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ pé àwa mọ́kànlá kan ń gbìmọ̀ láti lọ pàgọ́ ní ìgbà ìsinmi ọdún, láti Abẹ́òkúta gòkè lọ sí ìhà Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn kan ti bi wá léèrè ohun tí ó mú ìgbìmọ̀ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìrìn ọjọ́ márùn-ún. Ìdáhùn wa ni a kọ síhìn-ín. A rò pé yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tí yóò kó ọmọ ọlọ́mọ jáde ní ọjọ́ iwájú; iṣẹ́ tí gbogbo wa sì ń kọ́ níhìn-ín kò ní ṣàì gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé wa lórí.

Kì í ṣe oúnjẹ ni ó dá wa dúró. Gàrí, ẹ̀wà, epo, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ kò mú àríyànjiyàn wá. Ibi tí a ó sùn ni ó di ọ̀rọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Odò Ògùn a máa fà, iyanrìn a sì yọ lẹ́bàá rẹ̀, a tẹ́jú, a mọ́, afẹ́fẹ́ a sì máa fẹ́ síbẹ̀. Àwọn mẹ́fà nínú wa fẹ́ kí a pàgọ́ lórí iyanrìn yìí. Wọ́n ní òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé, kí ni ó tún kù tí a ó máa bẹ̀rù? Ọ̀kan nínú wọn, tí a bí sí etí òkun, tilẹ̀ pa òwe pé ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Àwọn márùn-ún ìyókù kò gbà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìdí kan sọ ju pé ọkàn wọn kò balẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wa, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ apẹja, dìde, ó sì ya odò náà sí ara pátákó láti orísun rẹ̀. Ó fi hàn wá pé ní ìhà Ṣakí ni Ògùn ti ń ṣàn bọ̀, pé ó gba inú ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé kọjá, pé odò Ọ̀yán dà sínú rẹ̀ kí ó tó dé Abẹ́òkúta, àti pé inú ọ̀sà Èkó ni ó ń lọ. Lẹ́yìn èyí ó fa ìlà kan dábùú Ọ̀yán. Ó ní, "Dáàmù tí ìjọba ṣí ní ọdún 1983 nìyí. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, odò ìsàlẹ̀ yóò kún, bí òjò kò tilẹ̀ kán sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó sùn lórí iyanrìn ń wo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n omi yìí kò ní gba ojú ọ̀run wá."

Gbogbo wa dákẹ́. A rántí pé ní oṣù Keje ọdún 2018, àgbàrá òjò ya wọ àwọn àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. Àwọn tí ó bá a pàdé wà nínú ìlú tiwọn, wọ́n sì ní òrùlé lórí. A rántí pẹ̀lú pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú tẹ ibẹ̀ dó ní ọdún 1830, abẹ́ àpáta ni wọ́n fi ṣe ààbò. Wọ́n ń pọn omi odò, ṣùgbọ́n Olúmọ ni wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti adágún tí dáàmù Ọ̀yán dá sílẹ̀. Omi náà pa rọ́rọ́, ó sì wu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tí ó ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé etí rẹ̀ rí àrùn àtọ̀sí ajá lára ọ̀pọ̀ ọmọdé. Bí ẹni tí ó ní àrùn náà bá tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò tí ó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ yóò pa. Ọmọ kòkòrò náà yóò wọ inú ìgbín kékeré inú omi, yóò pọ̀ sí i níbẹ̀, yóò sì tún jáde wá gba awọ ara ènìyàn wọlé láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Nígbà tí ó bá yá, a máa tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń pọnmi níbẹ̀ lójoojúmọ́ lè tún kó o. Ọmọ yẹn kò ní omi mìíràn tí yóò lọ pọn. Àwa tí a ní, kí ni a fẹ́ wá wọ inú rẹ̀ ṣe?

Báyìí ni a ṣe kọ ètò wa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní a ó gun Olúmọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ fi 137 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, a ó sì sùn nínú ìlú. Ní ọ̀sán a ó ṣeré lórí iyanrìn etí odò, ṣùgbọ́n a ó gún igi kan mọ́lẹ̀ ní etí omi. Bí omi bá ti kọjá igi náà, gbogbo wa yóò gòkè láìbéèrè. Ní ọjọ́ kejì a ó wo dáàmù Ọ̀yán láti orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní ọjọ́ kẹta a ó wọkọ̀ lọ sí Àdó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn, láti gun òkè tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ìyókù jẹ́ ti ọgbà ẹranko náà, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igbó méjì tí a yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1936 àti 1941 ni ó para pọ̀ dì í, kí ó tó di ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991. Ẹfọ̀n, ẹtu àti ọ̀bọ wà níbẹ̀, ahoro ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀. A ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọgbà náà ní Ọ̀yọ́ ṣáájú. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, Àdó-Àwáyè ni a ó ti padà sílé. Bí wọ́n bá gbà wá, ibi tí àwọn ọdẹ ìjọba bá fi hàn wá nìkan ni a ó pàgọ́ sí. A ó ro ilẹ̀ yí iná wa ká, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í fi ẹ̀ta iná ṣeré. A ó se omi kí a tó mu ún, olúkúlùkù yóò sì mú àpò ẹ̀fọn àti aṣọ ìbora lọ́wọ́.

A kò ní sọ pé ètò yìí kò gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà nì sọ pé a ti mú adùn kúrò nínú rẹ̀, àti pé sísùn lẹ́bàá omi lábẹ́ òṣùpá ni òun tìtorí rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Adùn náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í léèrè bí yóò bá gbà kí àbúrò òun sùn síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú kálámù, ó fọwọ́ sí ìwé náà.

A ti lẹ ètò náà mọ́ ara ògiri yàrá ìkàwé. A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin tí ilé yín wà ní ipadò Ògùn, kí ẹ kà á. Bí ẹ bá rí ohun kan tí a gbójú fò dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wí fún wa nísinsìnyí tí a ṣì wà nílé.