Ṣáàfù Tó Tẹ̀ ní Kainji

Láti ọdún 1968 tí omi ìsédò Kainji ti bo igbó mọ́lẹ̀ ni kùkùté igi ti ń ṣe ọlọ́kọ̀ ojú omi léṣe níbẹ̀. Ọ̀kan ló gbá pùròpẹ́là ọkọ̀ Màlámù kan nígbà tí ọjà ku ọ̀la.

Mẹkáníìkì yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ó fọwọ́ yí pùròpẹ́là. Ṣáàfù tó gbé e dúró ń mì bí orí alángbá. Ọ́ìlì gíà ti dà bíi tíì oní-mílíìkì: síìlì ti ya, omi ti wọlé.

“Fi òòlù nà án kó tọ́,” ni Màlámù wí. Owó ilé-ìwé ọmọ nìkan ló kù nílé.

“Màlámù, ẹ má bínú. Ojú yín á rí i pé ó tọ́, àmọ́ á tún gé síìlì. Bí gíà bá kú láàárín omi tèrò-tèrò ńkọ́?”

Kò fèsì. Ìyàwó rẹ̀ ló tú owó náà ní etí aṣọ. Kò tó, ó fi ẹja gbígbẹ apẹ̀rẹ̀ méjì kún un.

Wọ́n fi ṣáàfù àti síìlì tuntun sí i, wọ́n fi pọ́ǹpù ti ọ́ìlì wọ ihò ìsàlẹ̀ títí ó fi yọ lókè. Ọjà ti kọjá. Lọ́jọ́ kejì, èrò mẹ́rin péré ló wọkọ̀. Màlámù ń rọra wà á, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí omi.